Percy Hobart: Ọ̀gágun tí wọ́n lé lọ sílé, tí wọ́n tún padà wá pè nígbà tí ogun le

Lọ́dún 1940, nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ọmọ ogun Jámánì máa tó gba ojú òkun wọlé, àwọn ará ìlú kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ àdúgbò wọn. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, oníṣòwò wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ní Chipping Campden, ìlú kékeré kan tí oko yí ká, ọkùnrin ẹni ọdún 55 kan wà láàrin àwọn aṣọ́lùú yìí. Ipò láńsì kọ́pùrà ni wọ́n fi í sí, ilà kan ṣoṣo ló wà lápá aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, Mejọ Jẹ́nẹ́rà ni ọkùnrin yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló sì ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Íjíbítì. Percy Hobart ni orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi táńkì jagun tó o kò pọ̀ rárá.

Ẹni tó bá gbọ́ táńkì nílẹ̀ Yorùbá, táńkì omi ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ, kò sì jìnnà sí òótọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìkọ̀kọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ ọkọ̀ ogun onírin yìí, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀tá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ni wọ́n bá ń sọ kiri pé táńkì omi ni àwọn ń rọ. Orúkọ ẹ̀tàn yẹn ló mọ́ ọkọ̀ náà lára títí dòní. Kì í fi táyà rìn, orí ẹ̀wọ̀n irin gbàgbàrà ló ń yí lé, ìdí nìyẹn tó fi lè gba inú ẹrẹ̀ àti orí kòtò kọjá. Irin tó nípọn ló bò ó, ọta ìbọn kékeré kò lè wọ ọ́, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń yìnbọn láti inú. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde sójú ogun, ní agbègbè Somme nílẹ̀ Faransé.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1885 ni wọ́n bí Hobart, ní Naini Tal nílẹ̀ Íńdíà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Clifton ní Bristol, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Woolwich. Lọ́dún 1904 ló wọ ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ológun, àwọn tí ń la ọ̀nà, tí ń ṣe afárá, tí ń tú àdó olóró kúrò lọ́nà fún àwọn ọmọ ogun yòókù. Iṣẹ́ tó kọ́ níbẹ̀ ló padà wúlò fún un nígbà tó dàgbà. Nígbà Ogun Kìíní, ó jà ní Faransé, ó tún jà ní Mesopotamia tí wọ́n ń pè ní Iraq lónìí. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lọ́dún 1915, ó sì tún gba òmíràn lọ́dún 1916.

Ohun tó fojú rí nínú ogun yẹn ni kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Ọdún bíi mẹ́rin ni àwọn ọmọ ogun fi há sínú kòtò, tí ìbọn arọ̀jò-ọta ń gé wọn lulẹ̀ bí ẹni ń ṣán koríko nígbàkigbà tí wọ́n bá yọjú. Hobart gbà pé táńkì ló lè gba àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ikú bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1923, ó fi ẹ̀ka ẹnjiníà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka onítáńkì.

Orí ẹṣin ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà ológun ayé ìgbà náà dàgbà sí. Lójú wọn, táńkì kò ju ohun tó yẹ kó máa rọra bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Hobart kọ̀ jálẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n kó táńkì jọ bí ẹgbẹ́ kan, kó sáré la àárín ọ̀tá já, kó lọ dá oúnjẹ àti epo wọn dúró lẹ́yìn. Lọ́dún 1934, wọ́n fi í ṣe olórí bìrìgéèdì táńkì. Ó kọ́ wọn bí ọ̀gá kan ṣe lè jókòó sínú táńkì tirẹ̀, kó sì máa fi rédíò darí gbogbo táńkì yòókù bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. Àwọn ọ̀gágun Jámánì ń ṣọ́ gbogbo ìdánwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe yìí lójú méjèèjì, Heinz Guderian sì wà lára wọn.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ibi tí ọ̀rọ̀ Hobart ti wọ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀, ẹni tí kò bá sì tètè lóye ohun tó ń sọ kì í rí sùúrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1928, ó fẹ́ Dorothea Field, obìnrin tó ti jẹ́ ìyàwó ọ̀gá ológun mìíràn tẹ́lẹ̀, àwọn kan nínú iṣẹ́ ológun kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fún un. Àǹfààní kan tó ní ni pé ọ̀gágun Bernard Montgomery, tí òkìkí rẹ̀ padà kàn káyé, jẹ́ àna rẹ̀. Betty, àbúrò Hobart, ni Montgomery fẹ́ lọ́dún 1927, kí ikú tó mú obìnrin náà lọ lọ́dún 1937.

Lọ́dún 1938, wọ́n rán Hobart lọ sí Íjíbítì pé kó lọ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun onítáńkì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá níbẹ̀ kò tó nǹkan, ẹlẹ́ṣin tẹ́lẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó máa wà á. Kò fi ìyẹn ṣe. Ó kó wọn wọ inú aṣálẹ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rìn lóru láìsọnù, bí wọ́n ṣe ń fọ́nká kí ọkọ̀ òfuurufú má bàa pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe nínú iyanrìn. Àwọn ni wọ́n padà ń pè ní Eku Aṣálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1939 ń parí lọ, tí ogun Hitler ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní Íjíbítì, Henry Maitland Wilson, kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé kò ṣe é bá ṣiṣẹ́. Archibald Wavell tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níbẹ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí Hobart máa lọ sílé. Bó ṣe di ajagunfẹ̀yìntì lọ́dún 1940 nìyẹn, tó sì di aṣọ́lùú ní Chipping Campden.

Inú oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni àwọn táńkì Jámánì tí Guderian ń darí la àárín Faransé já, tí wọ́n sáré dé etí òkun. Ọ̀nà tí Hobart ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n gbà. Nígbà tó di ìparí ọdún náà, àwọn Eku Aṣálẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ náà gbéra ní Íjíbítì, wọ́n sì wà lára àwọn tó lé àwọn ọmọ ogun Italy sẹ́yìn, tí wọ́n mú àwọn tó lé ní 100,000 lẹ́rú láàrin oṣù méjì péré. Hobart kò sí pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ ayọ̀ náà.

Basil Liddell Hart, òǹkọ̀wé tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ogun dáadáa, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lóṣù kẹjọ ọdún 1940 pé ìlú fi ọgbọ́n ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Winston Churchill, olórí ìjọba. Churchill yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ti iṣẹ́ táńkì lẹ́yìn lọ́dún 1915, nígbà tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ó ránṣẹ́ pe Hobart, ó sì kọ̀wé sí àwọn àgbà ológun pé ogun kì í ṣe ìgbà tí à ń yan kìkì ẹni tí inú wa dùn sí. Lọ́dún 1941, wọ́n dá a padà, ó sì kọ́ ẹgbẹ́ onítáńkì kọkànlá níṣẹ́. Nígbà tó ṣàìsàn lọ́dún 1942, àwọn kan tún fẹ́ fi ọjọ́ orí lé e lọ, nítorí ó ti di ẹni ọdún 57. Churchill kò gbà fún wọn. Wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ kọkàndínlọ́gọ́rin.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀ ní Dieppe, ìlú etí òkun kan ní Faransé tí àwọn Jámánì gbà. Nǹkan bí 6,000 ọmọ ogun, tí púpọ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà, ló gbìyànjú láti gòkè níbẹ̀. Àwọn táńkì kan há sínú òkúta wẹẹrẹ etí òkun. Àwọn tó ráyè kọjá ògiri etí òkun kò lè wọ ìlú, nítorí wọ́n ti fi kọnkéré dí ojú ọ̀nà, ìbọn sì ti pa àwọn ẹnjiníà tó yẹ kó fọ́ ọ. Ọmọ Kánádà tó lé ní 900 ló kú.

Ní oṣù kẹta ọdún 1943, Alan Brooke, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ kan fún Hobart: kó wá táńkì tí kò ní jẹ́ kí irú ti Dieppe tún ṣẹlẹ̀. Hobart gbà á. Kì í ṣe òun ló ronú kan gbogbo ohun tó lò. Abraham du Toit, ọmọ ogun South Africa kan, wà lára àwọn tó mú ìmọ̀ táńkì tó ń na ilẹ̀ wá. Nicholas Straussler, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ Hobart ni pé ó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni gbogbo, ó dán an wò títí tó fi dára, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Ẹni tó bá rí àwọn táńkì náà máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbé irin rìbìtì kan síwájú tí ẹ̀wọ̀n so mọ́ yí ká. Bí ó bá ti ń yí, ẹ̀wọ̀n á máa na ilẹ̀ bí ẹni ń fi igi pa ẹ̀wà, àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ á sì bú síwájú rẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ tó débẹ̀. Òmíràn ń fa ọkọ̀ epo tó gba gálọ́ọ̀nù 400, ó sì ń tu iná lẹ́nu. Òmíràn ń ju àdó olóró ńlá lu ògiri kọnkéré. Àwọn kan gbé afárá lórí, àwọn mìíràn gbé ìdì igi láti fi dí kòtò, òmíràn sì ń tẹ́ aṣọ líle sílẹ̀ bí ẹní kí ọkọ̀ má bàa rì sínú iyanrìn. Èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ fi aṣọ tapólì yí ara rẹ̀ ká kó lè léfòó lórí òkun.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ẹ̀rín dópin. Lọ́dún yẹn, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú igbó Burma nínú ogun kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà gòkè sí Normandy nílẹ̀ Faransé. Montgomery, àna Hobart, ló ń darí àwọn tó jà lórí ilẹ̀, ó sì fẹ́ràn àwọn táńkì náà. Ní etí òkun mẹ́ta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà ti gòkè, táńkì Hobart ló la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣe dáadáa. Ní etí òkun Omaha, táńkì olúwẹ̀ẹ́ ni àwọn Amẹ́ríkà mú nínú ti Hobart, wọn kò ní èyí tó ń na ilẹ̀ tàbí èyí tó ń tu iná. Ẹgbẹ́ kan nínú wọn já 29 sínú omi níbi tó jìnnà sí etí òkun. Ìgbì ga lọ́jọ́ náà, 27 ló sì rì. Omaha ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn jù lọ lọ́jọ́ yẹn. Títí dòní ni àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí bóyá àwọn táńkì yòókù ì bá dín ikú náà kù.

Ẹgbẹ́ Hobart bá ogun náà lọ títí wọ́n fi kọjá odò Rhine wọ Jámánì lóṣù kẹta ọdún 1945. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè Sir dá a lọ́lá ṣáájú, Amẹ́ríkà náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1946. Láti ọdún 1948 sí 1953, ó jẹ́ igbákejì gómìnà ilé àwọn àgbà ológun ní Chelsea, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1957 ló kú ní Farnham, ní ẹni ọdún 71.

Lọ́dún 2023, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ukraine ń wá ọ̀nà gba inú ilẹ̀ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti rì àdó olóró sí, táńkì tó ń tú àdó olóró àti èyí tó ń gbé afárá wà lára ohun tí wọ́n nílò jù. Iṣẹ́ tí Hobart ṣe kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn ológun. Ẹnu rẹ̀ mú lóòótọ́, ó sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun tó fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn Normandy lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n táńkì ti nà án kọjá kò béèrè bóyá ẹni tó rán an síwájú wọn mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ọ̀nà tó là fún wọn ni wọ́n tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà délé.