Ibn Battuta: Ẹsẹ̀ tó la òkè àti aṣálẹ̀ já

Lẹ́yìn ìrun aláásárì lọ́jọ́ kan, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá wa ní ilé-kéwú wa ní agbègbè Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ó ti gbọ́ pé ọmọ náà fẹ́ gba Agadez la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Líbíyà, kó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Ó ní kí a bá òun bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fara balẹ̀ gbọ́ wa tán, ó wá bi wá pé ṣé kì í ṣe àwa náà la kọ́ àwọn nípa Ibn Battuta, ẹni tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 21, tí gbogbo ayé sì ń yìn ín títí dòní.

A ò lè purọ́, a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn nínú ìtàn náà nìkan la kọ́ wọn. Ìyẹn ló mú wa padà sídìí ìwé náà, ohun tí a sì bá níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Abu Abdullah Muhammad ọmọ Abdullah. Ìlú Tanja ní etí òkun Mòrókò ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kejì ọdún 1304, sínú ìdílé àwọn kádì. Ọmọ ẹ̀yà Bábárì ni wọ́n, mọ́sáábù Màlíkì tí àwa Yorùbá ń tẹ̀ lé ni wọ́n sì ń lò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1325 ló dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Hájì. Òun nìkan ló lọ, kò ní ẹnìkejì, kò sì sí nínú àwùjọ arìnrìn-àjò kankan. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìyapa náà dun òun àti àwọn òbí òun gidigidi.

Kò pẹ́ tí ibà fi dá a dúró lọ́nà. Wọ́n ní kó sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi le, ó kọ̀, ó ní bí ikú bá fẹ́ pa òun, kó pa òun níbi tí òun ti kọjú sí ilẹ̀ Mákà. Ó fi aṣọ láwàní rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ gàárì kí ó má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n dé Tunis, àwọn ará ìlú jáde wá pàdé àwọn àlejò, oníkálùkù ń kí ẹni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, títí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ rìn fi ṣàánú rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ ìlú. Ẹni tí ayé ń pè ní ọ̀gá arìnrìn-àjò nìyẹn o.

Ó dé Mákà ní ọdún 1326, ó ṣe Hájì rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìrìn náà ti parí, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó lọ sí Ìráàkì àti ilẹ̀ Páṣíà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mogadishu, Mombasa àti Kilwa ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, ó lọ sí ilẹ̀ àwọn Túrúkì, ó sì dé Constantinople pàápàá. Bí a bá ní ká máa ka gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú. Àwọn onímọ̀ ní ìrìn rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 100,000 kìlómítà.

Ẹran ló máa ń gùn jù, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ ó fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú, ẹsẹ̀ náà sì jẹ ìyà. Ní ilẹ̀ Oman, ó rò pé láti Sur dé Qalhat kò jìnnà, ó gba ẹnìkan kó máa fi ọ̀nà han òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ará Íńdíà. Afinimọ̀nà náà ti gbèrò láti kó aṣọ wọn sá lọ. Òùngbẹ gbẹ wọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàárẹ̀, Ibn Battuta sì di ọ̀kọ̀ mú lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà kí olè náà má baà rí wọn mú. Nígbà tó fi máa dé Qalhat, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú sínú bàtà débi pé díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde lábẹ́ èékánná.

Ti àwọn òkè ló jọ wá lójú jù. Nígbà òtútù ní ilẹ̀ àwọn Túrúkì, aṣọ onírun mẹ́ta ló wọ̀ léra wọn pẹ̀lú ṣòkòtò méjì, kò sì lè dá gun ẹṣin mọ́ nítorí aṣọ. Omi gbígbóná ló fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, síbẹ̀ omi tó bá kán sí irùngbọ̀n rẹ̀ á di yìnyín lójú ẹsẹ̀, tó bá gbọn ún, á máa já bọ́. Àwa tí à ń ráhùn omi àsùbáà nígbà ọyẹ́ ní Akínyẹlé níhìn-ín, ká rántí ìyẹn. Nígbà tó fẹ́ la òkè Hindu Kush kọjá lọ sí Íńdíà, bí 40 ọjọ́ ló fi dúró ní Kunduz kí yìnyín lè dínkù. Wọ́n ń tẹ́ aṣọ onírun nípọn síwájú àwọn ràkúnmí kí ẹsẹ̀ wọn má baà rì. Ní ọdún 1333 ló dé odò Indus.

Sultan Delhi fi í jẹ kádì, ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún 8. Lẹ́yìn náà ni Sultan rán an ní iṣẹ́ lọ sí Ṣáínà. Ọ̀nà kò tíì jìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi mú un lẹ́bàá ìlú Kol. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ń rìn kiri nínú igbó fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí oúnjẹ. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ló rí i, tó fún un lómi àti oúnjẹ, tó ní kó máa wí i lẹ́nu pé Ọlọ́hun tó fún òun. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọkùnrin náà gbé e kọ́ ọrùn. Oorun gbé e lọ lórí ọrùn náà. Ìgbà tó jí, ìlú ló bá ara rẹ̀, kò sì rí ẹni tó gbé e mọ́.

Ní erékùṣù Sarandib, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ó gun òkè tí àwọn Mùsùlùmí gbà pé ẹsẹ̀ Ànábì Ádámọ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ẹsẹ̀ Búdà ni. Ọ̀nà méjì ló lọ sókè: wọ́n ń pe ọ̀kan ní ti Baba, ìyẹn Ànábì Ádámọ̀, wọ́n ń pe ìkejì ní ti Mama, ìyẹn Hawáù. Ti Mama rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ibẹ̀ gòkè, wọn kò kà á sí ẹni tó ṣe ìbẹ̀wò. Ti Baba ló ṣòro. Ẹ̀wọ̀n irin 10 ni wọ́n fi sára àpáta kí èèyàn máa dì í mú gòkè. Ìkẹwàá ni wọ́n ń pè ní ẹ̀wọ̀n ṣàhádà, nítorí ẹni tó bá dé ibẹ̀, tó bojú wolẹ̀, ẹ̀rù ìṣubú yóò mú un jẹ́rìí sí Ọlọ́hun. Eṣúṣú pọ̀ lọ́nà náà, ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn èèyàn ń mú dání láti fún sí i lára kó lè jábọ́. Ó gba ti Baba lọ, ó gba ti Mama bọ̀.

Ibi tí a kì í kọ́ àwọn ọmọ wá nìyí. Ó ti fẹ́ ìyàwó kan ní Dàmásíkù, ó sì fi oyún sílẹ̀ fún un. Íńdíà ló wà tó ti gbọ́ pé ó bí ọkùnrin, ó sì fi owó wúrà ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó náà. Nígbà tó padà dé Dàmásíkù ní ọdún 1348, ó wọ mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀, ó béèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú láti ọdún 12 sẹ́yìn. Ó tún bá ará Tanja kan pàdé, ìyẹn sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún 15, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó kọjú sílé. Ọdún náà ni àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń pa àwọn èèyàn láti Ṣáàmù dé Mísírà. Nígbà tó dé Taza ní Mòrókò, tí ilé ti sún mọ́, wọ́n sọ fún un pé àrùn náà ti pa ìyá rẹ̀. Ọdún 24 ló ti kúrò nílé. Ojú oórì ló ti kí ìyá rẹ̀.

Kò tíì sinmi. Ó lọ sí Andalus, lẹ́yìn náà ní ọdún 1352 ó gba Sijilmasa la Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ wa, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ó sun Taghaza, níbi tí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù iyọ̀ kọ́ ilé àti mọ́sáláṣí, tí awọ ràkúnmí jẹ́ òrùlé. Ní olú ìlú Màlì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ọ̀kà kan tí wọ́n fi ohun tó jọ kókò ṣe. Gbogbo wọn ṣàìsàn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà kú, òun náà dákú nídìí ìrun àsùbáà. Nígbà tí ẹ̀bùn ọba, Mansa Sulayman, wá dé, tó jẹ́ búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran díẹ̀ àti wàrà kíkan nínú igbá, ẹ̀rín ló pa á. Ojú kòkòrò wà lára ọkùnrin yìí, a kò ní bò ó. Síbẹ̀ ó jẹ́rìí pé ní Màlì, kò sí olè lọ́nà, ọba kì í ṣe ojúsàájú, ẹni tí kò bá tètè lọ sí Jímọ̀ kì í rí àyè, wọ́n sì máa ń de ọmọ tí kò bá tètè há Àlùkùránì lẹ́wọ̀n títí yóò fi há a.

Ó rí Odò Ọya, ó pè é ní odò Náìlì. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀ láti Timbuktu lọ sí Gao. Ó ní odò náà ń ṣàn lọ sí ìlú ńlá kan tí ó pè ní Yufi, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé àwọn Tápà, aládùúgbò wa, ló ní lọ́kàn. Kò dé ibẹ̀. Ní Takedda, tí kò jìnnà sí Agadez tí ọmọ yẹn fẹ́ gbà, ìwé Sultan Mòrókò bá a pé kó padà wá. Ó bá àwùjọ oníràkúnmí kan kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1353, ẹrúbìnrin bí 600 ló wà nínú àwùjọ náà. Ìwé náà kò sọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrú fi ń la aṣálẹ̀ yẹn kọjá, kò sì sí akọ̀wé tó kọ ti wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà tó kẹ́yìn ló le jù. Ó kúrò ní Sijilmasa nínú òtútù, ó gun òkè Atlas, yìnyín sì bo ọ̀nà Umm Junayba. Ẹni tó ti rí yìnyín Bukhara, Samarkand àti ilẹ̀ Túrúkì sọ pé òun kò rí èyí tó le tó ọ̀nà náà rí. Lórí ìrìn yẹn ni ọdún Iléyá ti bá a.

Nígbà tó dé Fez, Sultan Abu Inan ní kó sọ gbogbo ohun tó rí fún akọ̀wé kan, Ibn Juzayy, wọ́n sì parí ìwé náà ní oṣù kejìlá ọdún 1355. Àwọn kan láàfin kò gbà á gbọ́. Ibn Khaldun kọ ọ́ pé òun náà ṣiyèméjì, títí wàsírì kan fi kìlọ̀ fún òun pé kí èèyàn má pe ohun tí kò rí ní irọ́. Àwọn onímọ̀ òde òní ṣì ń jiyàn lórí ibi tó sọ nípa Ṣáínà. Wọ́n tún ti rí i pé akọ̀wé náà mú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Ibn Jubayr. Àwa gbà pé ó rìn. A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló rántí dáadáa.

Ó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe kádì ní ìlú kékeré kan ní Mòrókò, ó sì kú ní ọdún 1368 tàbí 1369. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfuurufú Tanja lónìí. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó sì kẹ́ ìyá tó retí rẹ̀ fún ọdún 24.