Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà: Ọkùnrin tí ó mú kí Ìlú Gbẹ́kẹ̀ lé Ilé Ìwòsàn

Bí ìjọba bá ṣí ilé ìwòsàn tuntun fún ará ìlú, ọjọ́ ayọ̀ ni. Àwọn ọlọ́lá á péjọ, wọn á gbàdúrà, ìlù á sì máa dún. Ṣùgbọ́n ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Bí àwọn aláìsàn bá ń gba iwájú ilé náà kọjá, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, ilé náà kò tíì ṣí. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ènìyàn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní Èkó, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ogún, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi gbogbo ayé wọn wá kọ́kọ́rọ́ yìí ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà.

Ìlú Freetown ní Sierra Leone ni a ti bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù Òkúdù ọdún 1861. Ọmọ Iléṣà ni baba rẹ̀, ẹni tí a tà lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀. Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn Sàró nígbà náà, orúkọ òyìnbó ni wọ́n fi pè é: Alexander Johnson Williams. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sapara Williams, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti là á sílẹ̀. Ẹbí wọn padà sí Èkó nígbà tí àbúrò ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kí ó tó di dókítà, ó ṣe iṣẹ́ pípo oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí àwọn aláìsàn bí wọ́n ti ń wọlé, tí ó sì ń rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dé. Lẹ́yìn èyí ni ó rékọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1895 ni ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Edinburgh àti Glasgow. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé ìgbà ẹ̀kọ́ ti kọjá lọ.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ẹni tí wọ́n í ṣe. Àlùfáà Mojola Agbebi, tí ń jẹ́ David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, jọ̀wọ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀ ní ọdún 1894. Alexander Johnson Williams náà bọ́ orúkọ àjèjì sílẹ̀, ó sì di Ògúntọ́lá Sàpárà. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó yàn láàyò. Nítorí pé agbádá ńlá wúwo jù fún un, ó mú kí a rán irú rẹ̀ kan tí ó fúyẹ́, tí kò gba aṣọ púpọ̀. Àwọn aránṣọ wa ṣì ń pe irú agbádá bẹ́ẹ̀ ní sápárà títí di òní. Orúkọ dókítà yìí ni wọ́n ń pè, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ọdún 1896 ni ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí dókítà. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan sílẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì pinnu pé aláwọ̀ funfun nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú, tí ìwé ẹ̀rí wọn kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni, ni a kọ orúkọ wọn sí ìwé ọ̀tọ̀. Owó oṣù wọn kéré, abẹ́ àwọn ọmọdé òyìnbó tí kò ní ìrírí tó wọn ni wọ́n sì wà. Àwọn mìíràn kọ ìyà yìí, wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti dá dúró. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Sàpárà dúró, nítorí ilé ìwòsàn ìjọba ni tálákà lè dé. Bí gbogbo dókítà aláwọ̀ dúdú bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ èdè ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Iṣẹ́ tí ó mú orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn ni ogun tí ó bá ṣọ̀pọ̀nná jà. Àwa tí a kò rí àrùn yìí rí, ó ṣòro fún wa láti mọ bí ó ti bani lẹ́rù tó. A kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde. Bí ó bá pa ọmọ, òbí kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni kí wọ́n máa dá. Àwọn abọrẹ̀ ni ń sin òkú, àwọn náà ni ń kó ẹrù tí olóògbé fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ àti ẹní aláìsàn lè gbé àrùn náà kiri, èépá ara rẹ̀ sì lè gbé e fún ìgbà pípẹ́.

Oògùn ìdènà rẹ̀ wà. Láti ọdún 1796 ni Edward Jenner ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tí a bá bupá fún yóò bọ́ lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀nná. Ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa a máa ba oògùn náà jẹ́ kí ó tó dé abúlé, àwọn ará ìlú pàápàá sì ń sá fún un, kí òrìṣà má baà bínú.

Ní ọdún 1897, Sàpárà ṣe ohun tí dókítà òyìnbó kankan kò lè ṣe. Ó wọ inú ẹgbẹ́ awo ṣọ̀pọ̀nná, ó sì di ọ̀kan lára wọn. Ewu ni ó fi orí lé, nítorí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, àrùn tí ó ń lépa gan-an ni ohun ìjà tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó ròyìn fún ìjọba ni pé àwọn kan nínú wọn a máa ha èépá ara aláìsàn, wọn a sì fi í ran àwọn tí ara wọn le. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó yá.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ọkùnrin kan náà tí ó gba orúkọ Yorùbá padà, tí ó gbé aṣọ Yorùbá ga, ni ó tú àṣírí awo Yorùbá. Àwọn kan lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun ìní baba ẹni àti ohun tí ń pa ọmọ ẹni. Ewé àti egbò tí àwọn baba wa fi ń wo àìsàn, kò kẹ́gàn wọn. Ó ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì ń kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ wọ́n. Èyí tí ó dára, ó dì í mú; èyí tí ń ṣekú pa ènìyàn, ó kọ̀ ọ́.

Ó tún mọ̀ pé òfin nìkan kò lè lé ẹ̀rù lọ. Ẹni tí a bá ní kí ó má lọ sọ́dọ̀ abọrẹ̀ mọ́, ó yẹ kí a fi ibi tí yóò lọ hàn án, kí ibẹ̀ sì sún mọ́ ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi kó ipa pàtàkì nínú dídá ilé ìpoògùn Òpópónà Massey sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, láàrin àgbàlá tí ilé ti há mọ́ra, tí ìbà àti ikọ́ ti ń jà. Ìyá lè gbé ọmọ pọ̀n kí ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1923, Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1928, lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì papò dà ní ọdún 1935. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ilé ìpoògùn Massey dàgbà di ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ó dé láti Dublin, ó sì di olùdarí rẹ̀ ní ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni ó di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ní ti ṣọ̀pọ̀nná, ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́dọọdún ni ó ń fẹ́ di dókítà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìwé ẹ̀rí tán, kí wọ́n rántí pé Sàpárà gba tirẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí a fojú kéré rẹ̀, síbẹ̀ tí kò fi tálákà sílẹ̀. Àwa náà tí a kì í ṣe dókítà ní ipa tiwa. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ládùúgbò wa, ẹ jẹ́ kí a máa lò ó, kí a máa bójú tó o, kí a sì máa mú àwọn ọmọ wa lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láìjáfara. Ìjọba lè kọ́ ilé, kí wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwa ni a ó máa ṣí i lójoojúmọ́.