Hans Berger, dókítà tó kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ èèyàn sórí bébà

Bí ẹ bá rí i tí wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí ọmọ tuntun tó ń sùn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ kékeré dún sí i létí, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ràn ni. Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ á dáhùn. Iná mànàmáná bíńtín máa ń ta níbẹ̀ bí ìró bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà á sì kó o jọ. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ọpọlọ ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín "ba" àti "da" kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba irú iná bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí èèyàn. Ọdún 1873 ni wọ́n bí i, nítòsí ìlú Coburg. Ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ló fẹ́ kà ní yunifásítì, kò pẹ́ tó fi pa á tì, ó lọ ṣe ṣọ́jà. Ẹṣin gbé e ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ ìbọn àgbá gorí ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ara fu ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin tó wà nílé lọ́nà jíjìn, bàbá wọn bá tẹ wáyà sí i láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Tó bá jẹ́ tiwa ni, a máa ní ara ló fu ú, ọ̀rọ̀ ti parí. Berger ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Báwo ni èrò ṣe jáde lórí òun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá òun? Ìyẹn ló sún un dé ìdí iṣẹ́ dókítà.

Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Jena ló ti ṣiṣẹ́, ó di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1919. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìkọ̀kọ̀ ló ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1924, ọwọ́ ẹ̀ bà á, lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí egungun agbárí ò sí lójú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi Klaus ọmọ tirẹ̀ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ó rí i pé ìgbì iná náà máa ń lọ geerege bí èèyàn bá dijú, bí ó bá la ojú, ó rọlẹ̀. Èrò tó ń fò láti orí dé orí ńkọ́? Kò rí i o. Iná yẹn kéré jù, kò lè rìn jìnnà.

Ọdún márùn-ún ló fi ń ṣiyèméjì kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Wọn ò kà á sí. Ìgbà tí Adrian àti Matthews ṣe tiwọn ní Cambridge ní 1934, tí wọ́n rí ohun kan náà, ni wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ibi tó dùn mí nìyí. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ìjọba Hitler ló fojú Berger rí màbo. Àwọn tó tú ìwé àkọsílẹ̀ wò lẹ́yìn náà bá nǹkan míì níbẹ̀. Òfin 1933 ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn tí wọ́n pè ní alárùn ìdílé, kí wọ́n má lè bímọ mọ́. Àwọn adití tí wọ́n ní ó wá látinú ìdílé wà lára wọn, irú àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ lónìí. Berger jókòó ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jena, ó sì wà lára àwọn tó ń ti SS lẹ́yìn.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1938. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un, ó sì pa ara rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1941. Ẹni ọdún 68 ni.