Ìtàn Fadá Gregor Mendel

Bí ọmọ yín bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, tí ó ní irú ẹyẹ kan lè pín sí méjì títí tí ti ìhín kò fi ní bá ti ọ̀hún bí ọmọ mọ́, ẹ má ṣe fòyà. Ní 1950, nínú ìwé rẹ̀ Humani Generis, Póòpù Pius Kejìlá gbà kí àwọn ọ̀mọ̀wé wádìí ibi tí ara ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, níwọ̀n ìgbà tí a bá dì í mú pé Ọlọ́run tìkára Rẹ̀ ni ó ń dá ọkàn. Àlùfáà Ìjọ wa sì ni ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀kọ́ yìí.

Ní 1822 ni a bí i sí ìdílé àgbẹ̀ tálákà ní abúlé Heinzendorf, ní ilẹ̀ ọba Austria. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Theresia, ni ó yọ̀ǹda apá kan nínú ohun-ìní ìgbéyàwó rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kàwé. Ní 1843 ó wọ ilé àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Mímọ́ Augustine ní ìlú Brünn, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1847. Ìbẹ̀wò àwọn aláìsàn bà á lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ó lọ máa kọ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lọ fún ìdánwò olùkọ́, ní 1850 àti 1856. Kò gba ìwé-ẹ̀rí náà títí ó fi kú.

Inú ọgbà ni ó wá fi orí lé. Láti 1856 títí di 1863 ó gbin ẹ̀wà òyìnbó tí à ń pè ní píìsì, ó tó 28,000 ìdí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìyẹ̀fun òdòdó ẹ̀wà oníhóró dídán, ó fi sí òdòdó oníhóró híhunjọ. Dídán ni gbogbo ọmọ wọn. Ẹ ó rò pé híhunjọ ti parun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ náà so, ó ka hóró dídán 5,474 àti híhunjọ 1,850, bí mẹ́ta sí ọ̀kan.

Kí ni èyí já mọ́? Ní 1859 Charles Darwin ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí irú ẹ̀dá tuntun ṣe ń wáyé. Mendel kà á lédè Jámánì, ó sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà rò pé ìwà bàbá àti ti ìyá a máa yòrò pọ̀ nínú ọmọ, bí ẹ̀kán aró kan nínú ìkòkò omi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwà tuntun kì bá pẹ́ tí ì bá fi pòórá. Mendel fi hàn pé kì í ṣe aró, ìlẹ̀kẹ̀ inú igbá ni: a lè rò wọ́n pọ̀, síbẹ̀ olúkúlùkù yóò máa jẹ́ àwọ̀ tirẹ̀.

Ẹ di ojú yín, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú igbá náà. Ó lè jẹ́ pé pupa ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe pé pupa sàn jù, bí ó ṣe bọ́ sí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà tí ẹyẹ díẹ̀ bá já bọ́ sí erékùṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ yóò wá ṣa àwọn tí àgógó wọn bá oúnjẹ ibẹ̀ mu, òkun kò sì ní jẹ́ kí wọ́n padà sí àárín àwọn ará wọn.

Ní 1981, akọ ẹyẹ ajẹ-hóró kan fò ju 100 kìlómítà lọ láti erékùṣù Española wá sí Daphne Major, ní Galápagos. Ó bá abo ibẹ̀ bímọ. Orin àti àgógó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yàtọ̀, ara wọn nìkan ni wọ́n sì ń fẹ́. Ọ̀dá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 pa wọ́n ku ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, akọ kan, abo kan. Láti ara àwọn méjèèjì ni ìran náà ti tún pọ̀ sí i.

Fadá Mendel ka iṣẹ́ rẹ̀ sétí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Brünn ní 1865, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1866. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kọbi ara sí i. Ní 1868 ó di olórí ilé wọn, ó sì bá ìjọba jà lórí owó orí títí ó fi kú ní 6 January 1884, ọjọ́ Àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa. Ní 1900, ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rò pé àwọn ni ó kọ́kọ́ rí òfin yìí. Nígbà tí wọ́n tú ìwé àtijọ́ wò, orúkọ àlùfáà yìí ni wọ́n bá níbẹ̀.