George Frederick Kunz

George Frederick Kunz (29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1856 – 29 oṣù Kẹfà ọdún 1932) jẹ́ onímọ̀ òkúta iyebíye, onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ fún Tiffany & Co., ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ tí ó gbajúmọ̀ ní ìlú New York. Lára ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ ni gígé dáyámọ́ńdì ńlá aláwọ̀ ìyeyè ti Tiffany, òkúta kunzite tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, àti akitiyan rẹ̀ láti sọ ìwọ̀n káràtì di ọ̀kan ṣoṣo káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òkúta iyebíye ní Amẹ́ríkà. Ojú àti ìrírí ni àwọn oníṣòwò fi ń mọ òkúta, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà sì ni olùrà ní láti gbà gbọ́. Kunz wà lára àwọn tí wọ́n mú ìdánwò ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì wọ inú òwò náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú New York ni a ti bí Kunz, ṣùgbọ́n Hoboken ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó dàgbà sí. Láti kékeré ni ó ti ń ṣa òkúta jọ. Agbègbè náà rọrùn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń gbẹ́ àpáta níbẹ̀ láti la ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin, àwọn àlùmọ́ọ́nì tí ó fara sin nínú àpáta sì ń jáde sí gbangba. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, òkúta tí ó ti kó jọ lé ní 4,000. Ó ta àkójọ náà fún Yunifásítì Minnesota ní 400 dọ́là.

Kunz lọ sí kíláàsì alẹ́ ní Cooper Union, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New York tí ó ń gba àwọn ọmọ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gba oyè kankan. Ìwé tí ó ń kà fúnra rẹ̀ àti ìrìn-àjò sí ibi ìwakùsà ni ó sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn yunifásítì fún un ní oyè ìdánilọ́lá. Columbia wà lára wọn ní Amẹ́ríkà, Marburg sì wà lára wọn ní Jámánì.

Bí ó ṣe dé Tiffany & Co.

Ní ọdún 1876, Kunz mú òkúta tourmaline kan lọ bá Charles Lewis Tiffany, olùdásílẹ̀ Tiffany & Co., ó sì tà á fún un. Ní àkókò náà, dáyámọ́ńdì, rúbì, sàfáyà àti ẹ́múrádì ni àwọn ilé ìtajà ńlá kà sí òkúta gidi. Àwọn òkúta aláwọ̀ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyì lójú wọn. Ohun tí Kunz ń sọ ni pé òkúta tí ó mọ́, tí ó le, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dára, yẹ ní ohun ọ̀ṣọ́, yálà àwọn ọba Yúróòpù mọ̀ ọ́n tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Tiffany gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1879 ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n òkúta ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, Kunz di igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú.

Dáyámọ́ńdì aláwọ̀ ìyeyè

Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a gbé lé Kunz lọ́wọ́ ni dáyámọ́ńdì aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n wà jáde ní Kimberley, ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn adúláwọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wa ilẹ̀ ní Kimberley nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn òkúta yìí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òkúta náà wọn káràtì 287.42 kí a tó gé e. Charles Lewis Tiffany rà á ní 18,000 dọ́là ní ọdún 1878.

Ìlú Paris ni wọ́n ti gé e lábẹ́ àbójútó Kunz, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ dáadáa. Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò kéré: bí wọ́n bá ṣi dáyámọ́ńdì gé, kò sí àtúnṣe. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi yẹ òkúta náà wò kí wọ́n tó fi irin kàn án. Nígbà tí iṣẹ́ parí, káràtì 128.54 ni ó kù. Èyí túmọ̀ sí pé ó ju ìdajì lọ tí wọ́n gé dànù. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ ni Kunz ń wá, kì í ṣe ìwọ̀n. Ojú 58 ni a sábà máa ń gé sí ara dáyámọ́ńdì roboto, ṣùgbọ́n ojú 82 ni wọ́n gé sí èyí, kí àwọ̀ ìyeyè náà lè máa tàn bí iná. Òkúta náà ṣì wà lọ́wọ́ Tiffany & Co. títí di òní.

Òkúta ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Láti ọdún 1883 sí 1909, Kunz tún jẹ́ aṣojú pàtàkì fún U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti àpáta. Ó ń kọ ìròyìn nípa àwọn òkúta iyebíye tí wọ́n ń rí ní orílẹ̀-èdè náà, ibi tí wọ́n ti rí wọn àti iye tí wọ́n tó. Àwọn awakùsà láti ọ̀nà jíjìn a máa fi òkúta ránṣẹ́ sí i kí ó lè bá wọn dá a mọ̀. Báyìí ni àwọn òkúta aláwọ̀ búlúù láti Yogo ní ìpínlẹ̀ Montana ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890. Àwọn tí ń wa wúrà ni wọ́n rí wọn, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Kunz fi hàn pé sàfáyà gidi ni wọ́n, pé wọ́n sì dára púpọ̀.

Ó kó òkúta Amẹ́ríkà jọ fún ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní Paris ní ọdún 1889. J. P. Morgan, olówó ilé-ìfowópamọ́, ra àkójọ náà, ó sì fi í ta American Museum of Natural History ní New York lọ́rẹ. Kunz ṣe àkójọ mìíràn fún ìpàtẹ Paris ti ọdún 1900, Morgan sì tún ra ìyẹn fún mùsíọ́mù kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, òkúta tí ì bá wà nínú àpótí olówó di ohun tí ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí.

Rúbì àtọwọ́dá

Ní nǹkan bí ọdún 1885, àwọn rúbì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjà Yúróòpù, tí a wá mọ̀ sí rúbì Geneva. Wọ́n ń tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí rúbì tí a wà láti inú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iná ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kó ìpayà bá àwọn oníṣòwò, nítorí èròjà kan náà ni ó wà nínú rúbì gidi àti rúbì àtọwọ́dá: líle wọn àti ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí kò bá sí ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sí rúbì kankan tí olùrà lè fọkàn tán mọ́.

Kunz yẹ àwọn òkúta náà wò, ó sì jábọ̀ fún New York Academy of Sciences ní ọdún 1886. Nígbà tí ó fi máíkírósíkóòpù wo inú wọn, ó rí àwọn ihò kéékèèké roboto tí afẹ́fẹ́ há sí, irú èyí tí ó máa ń wà nínú ohun tí iná yọ́. Inú rúbì tí ó ti ilẹ̀ jáde kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán tín-ín-rín àti ègé àlùmọ́ọ́nì mìíràn ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. Títí di òní, wíwo inú òkúta pẹ̀lú máíkírósíkóòpù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ òkúta iyebíye fi ń ya àdánidá sọ́tọ̀ kúrò lára àtọwọ́dá.

Àwọn òkúta àti orúkọ wọn

Ní ọdún 1902, wọ́n rí òkúta aláwọ̀ pínkì tí ó fara jọ àlùkò ní Pala, ìpínlẹ̀ California. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Kunz, ó sì fi hàn pé oríṣi spodumene kan ni, irú èyí tí a kò tíì rí rí. Ní ọdún 1903, Charles Baskerville, onímọ̀ kẹ́místrì, fún un ní orúkọ náà kunzite. Àwọn méjèèjì jọ fi ìtànṣán X-ray àti radium dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta wò láti mọ èyí tí yóò tan ìmọ́lẹ̀, kunzite sì wà lára àwọn tí ó tàn jùlọ.

Kunz fúnra rẹ̀ sọ òkúta méjì lórúkọ. Ní ọdún 1905, ó pe àlùmọ́ọ́nì kan tí Henri Moissan, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, rí nínú òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run ní moissanite. Ní ọdún 1910, ó dábàá pé kí a máa pe oríṣi beryl aláwọ̀ pínkì tí a rí ní Madagásíkà ní morganite, láti fi bu ọlá fún J. P. Morgan.

Ìwọ̀n káràtì

Káràtì ni a fi ń wọn òkúta iyebíye, ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe Kunz, káràtì ìlú kan kì í ṣe ti ìlú kejì. Ti Lọ́ńdọ̀nù lé díẹ̀ ní 205 mílígíráàmù. Ti Florence kò tó 200. Òkúta kan náà lè wọn káràtì púpọ̀ sí i nígbà tí ó bá sọdá ààlà, láìjẹ́ pé ohunkóhun kún un. Kunz wà lára àwọn tí wọ́n jà fún káràtì kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ 200 mílígíráàmù gẹ́lẹ́. Àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí i ní ọdún 1907, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1913. Òun ni gbogbo ayé ń lò lónìí.

Àwọn ìwé rẹ̀

Ìwé Kunz tí ó jáde ní ọdún 1890, Gems and Precious Stones of North America, ṣàlàyé òkúta iyebíye ilẹ̀ náà láti ibi kan dé ibi kejì. Òun àti Charles Hugh Stevenson jọ kọ The Book of the Pearl ní ọdún 1908, nípa péálì. The Curious Lore of Precious Stones ti ọdún 1913 ni àwọn òǹkàwé mọ̀ jùlọ. Ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn nípa agbára òkúta láti wo àrùn sàn, láti dáàbò bo arìnrìn-àjò àti láti lé ibi jìnnà ni ó kó jọ sínú rẹ̀. Ó tún kọ ìwé nípa eyín erin àti nípa òrùka.

Ìdílé, ikú àti ogún rẹ̀

Kunz fẹ́ Sophia Hanforth ní ọdún 1879, ọdún kan náà tí ó wọ Tiffany & Co. Sophia kú ní ọdún 1912. Ní ọdún 1923 ó fẹ́ Opal Logan Giberson, tí orúkọ rẹ̀ bá ti òkúta iyebíye kan mu, ẹni tí ó di gbajúmọ̀ awakọ̀ òfúrufú lẹ́yìn náà. Ìgbéyàwó yìí kò tọ́jọ́. Kunz kú ní New York ní ọmọ ọdún 75.

Ní ọdún 1933, ilé ìkàwé U.S. Geological Survey gba àwọn ìwé rẹ̀ ní dọ́là kan péré, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Kunz kú, Robert M. Shipley dá Gemological Institute of America sílẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò ní irú ìdánwò tí Kunz kọ́ fúnra rẹ̀. Moissanite tí ó sọ lórúkọ ti di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n sì ń lò dípò dáyámọ́ńdì nínú òrùka. Nítorí náà, iṣẹ́ ìdánimọ̀ tí Kunz fi ayé rẹ̀ ṣe kò tíì parí: ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ra òkúta olówó iyebíye lónìí ṣì ń béèrè fún ìwé ẹ̀rí onímọ̀ kí ó tó san owó.