Harold Ridley, dókítà tó fi ike sínú ojú aláìsàn

Kí ó tó di ọdún 1949, ẹni tí dókítà bá yọ lẹ́ńsì inú ojú rẹ̀ nítorí pé ó ti di funfun kò lè ríran dáadáa mọ́ láìlo awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Awò náà á wúwo lórí imú, á mú kí ohun gbogbo tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó lò ó kì í sì í rí ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Bó bá fọ́, wọn a máa fà á lọ́wọ́ káàkiri ni. Síbẹ̀, àwọn dókítà ìgbà náà a máa sọ pé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Harold Ridley ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní agbègbè Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣẹ́ abẹ ojú ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì tọ ipasẹ̀ bàbá. Ó lọ sí Yunifásítì Cambridge, ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà di oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀ àti ní Moorfields.

Ogun Àgbáyé Kejì ló la ojú rẹ̀ sí ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Lọ́dún 1940, ìbọn àwọn ọ̀tá fọ́ ìbòrí ọkọ̀ òfurufú tí Gordon Cleaver ń wà, èéfọ́ rẹ̀ sì wọ inú ojú rẹ̀ méjèèjì. Perspex ni wọ́n fi ṣe ìbòrí náà, ike kan tó mọ́ gaara bíi dígí. Ojú kan fọ́ pátápátá. Nígbà tí Ridley yẹ èkejì wò, ó rí i pé èéfọ́ ike ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò wú, kò sì ṣe ọyún. Ohun àjèjì kì í sábà wọ inú ojú kó má dá wàhálà sílẹ̀.

Nígbà ogun náà ni wọ́n rán an lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní Funsi, ní apá àríwá ilẹ̀ náà, ó ṣèwádìí nípa àrùn tí eṣinṣin ẹ̀bá odò ń kó ran ènìyàn, tó sì ń fọ́ wọn lójú. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1945. Ká ní kò ṣe ju ìyẹn lọ, ó ti ṣe ohun tí ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò ní gbàgbé.

Lẹ́yìn ogun, ọmọ ilé ìwé ìṣègùn kan tó ń wò ó bó ti ń yọ lẹ́ńsì ojú aláìsàn bi í léèrè bóyá kò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè náà ta á jí. Ó pe John Pike, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Rayner tí ń ṣe awò ojú, àwọn méjèèjì sì jókòó sínú mọ́tò Ridley láàárín Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jíròrò bí wọn yóò ṣe fi Perspex tí kò ní ìdọ̀tí rárá ṣe lẹ́ńsì. Ridley kò béèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù kọkànlá, ọdún 1949 ni ó kọ́kọ́ ki lẹ́ńsì náà bọ ojú obìnrin ẹni ọdún 45 kan ní St Thomas', ní bòńkẹ́lẹ́. Oṣù kejì ọdún 1950 ni ó tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pátápátá. Lẹ́ńsì náà dúró, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù: obìnrin náà kò rí ọ̀nà jíjìn, awò sì tún di dandan fún un.

Nígbà tó kó àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford lọ́dún 1951, Stewart Duke-Elder, àgbà nínú iṣẹ́ náà, kọ̀ láti wo ojú wọn. Kì í ṣe ìlara nìkan ló wà ńbẹ̀ o. Yíyọ ohun àjèjì kúrò lójú ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, kì í ṣe fífi í sí i. Lóòótọ́ sì ni pé àwọn kan lára lẹ́ńsì Ridley yẹ̀ kúrò ní ipò wọn, ó sì di dandan kí wọ́n yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn má tilẹ̀ wò ó, ìyẹn ni ó dun Ridley wọ egungun. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, kò sì tí ì rí ìyìn gbà nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1971.

Àwọn mìíràn tún lẹ́ńsì náà ṣe. Ó fúyẹ́ sí i, wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ojú kí agbára rẹ̀ lè bá ẹni náà mu. Ní 1981, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Lónìí, ẹni tí lẹ́ńsì ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ di funfun a máa pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé awò ti sú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀, àwọn kan sì tún ń lo awò láti fi kàwé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, gba Ridley wọlé ní 1986. Ọdún 1987 ni Cleaver, awakọ̀ òfurufú ọjọ́sí, gba lẹ́ńsì tirẹ̀ sínú ojú kan tó kù ú kù. Ọbabìnrin Elizabeth fi oyè Sir dá Ridley lọ́lá ní 2000, ó sì kú ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 2001, lẹ́ni ọdún 94. Ṣáájú ìgbà náà, ojú òun fúnra rẹ̀ ti di funfun. St Thomas' ló padà sí, wọ́n sì fi lẹ́ńsì sínú méjèèjì.