Paul Robeson, Ọmọ Ẹrú Tí Kò Sá Kúrò Lórí Pápá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Lagbé, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Paul Robeson ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1898. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láti etíkun wa lọ ṣe ẹrú ní òkè òkun.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí William, baba Paul, sí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó sá lọ. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí ó tó wọ Yunifásítì Lincoln. Ó kàwé níbẹ̀, ó sì di pásítọ̀.

Paul kò tíì pé ọmọ ọdún 6 nígbà tí iná jó ìyá rẹ̀, tí ìyá náà sì kú. Baba ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ó kọ́ ọ pé kí ó má ṣe fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láàbọ̀.

Ní ọdún 1915, Paul yege nínú ìdánwò kan. Wọ́n fún un ní owó ẹ̀kọ́ ọdún 4 ní Rutgers. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré ni Rutgers nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1869, Rutgers bá Princeton díje. Rutgers ní ayò 6, Princeton ní 4. Ìdíje yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà kà sí àkọ́kọ́ láàrin ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Ní ìgbà Paul, bọ́ọ̀lù náà rí bí ẹyin. Wọ́n a máa fi ọwọ́ gbé e sáré. Ẹgbẹ́ kejì a rọ́ lu ẹni tí ó gbé e, wọn a gbé e ṣánlẹ̀ bí ẹni ń jìjàkadì.

Nígbà tí Paul dé Rutgers, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ kò fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ ìdánrawò, wọ́n dawọ́ jọ lù ú. Wọ́n fọ́ ọ nímú, wọ́n sì ṣe é léṣe ní èjìká. Ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó rò ó pé kí òun jáwọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí baba rẹ̀ sọ. Baba ti sọ fún un pé kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣojú fún lórí pápá. Ó ń ṣojú fún gbogbo ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ń fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Paul padà sí pápá. Ẹnì kan fi bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ sì ṣí. Inú bí i gidigidi. Ó gbá ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù mú, ó gbé e sókè, ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Foster Sanford, olùkọ́ wọn, yára kígbe pé Paul ti wọ ẹgbẹ́.

Ṣé ìyà náà wá tán? Rárá o. Ní ọdún 1916, ẹgbẹ́ Washington and Lee wá láti gúúsù. Wọ́n ní àwọn kò ní bá aláwọ̀ dúdú ṣeré. Rutgers gbà fún wọn. Paul jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń wòran. Ọ̀mì ni ìdíje náà, 13 sí 13.

Síbẹ̀, Paul kò kúrò. Ní ọdún 1917, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ na ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Newport, 14 sí 0. Ní ọdún 1917 àti 1918, wọ́n kà á mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò pa ìwé tì nítorí eré. Ní ọdún 1919, òun ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ó ṣeni láàánú pé baba rẹ̀ ti kú ní ọdún 1918.

Lẹ́yìn náà, Paul kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di olórin àti òṣèré. Ní London, ó kọ́ àwọn èdè Áfíríkà. Ó ń sọ̀rọ̀ lòdì sí ìrẹ́jẹ níbi gbogbo. Nítorí èyí, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ọdún 1950. Ọdún 1958 ni ó tó rí i gbà padà. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1976. Ní ọdún 1995 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn ògbóǹtarìgì nínú bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti ọjà, ẹ rántí William tí ó dàgbà kí ó tó wọ yunifásítì. Bí ó bá sú yín, ẹ má jáwọ́. Àwọn ọmọ yín ń wò yín.

Ìbéèrè

1. Ọdún mélòó ni William nígbà tí ó sá kúrò lóko ẹrú?
2. Kí ni ó mú kí Paul padà sí pápá?
3. Kí ni ẹ rò nípa ohun tí Rutgers ṣe ní ọdún 1916?